Àlejò Àwọn Tí Mo Pa Ẹyẹ Wọn

Àwọn tí wọ́n wá kí mi káàbọ̀ ní Àgbowó nígbà tí mo ti ìlú òyìnbó dé rò pé àárẹ̀ ọ̀nà ni kò jẹ́ kí n lè wo ojú wọn. Wọ́n ní kí n lọ sinmi, pé bí mo bá jí, kí n wá ròyìn. Mo sùn, mo jí, n kò ròyìn. Ohun tí mo ń sọ fún gbogbo wọn ni pé ibẹ̀ tutù, àwọn èèyàn ibẹ̀ sì lawọ́. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n irọ́ ni mo fi wọ bàálù lọ, ìtìjú ni mo sì gbé bọ̀, àkókò sì ti tó wàyí kí n sọ bí ó ṣe jẹ́.

Kí n tó kúrò nílé

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń gbé Ìbàdàn. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, mo gbẹ́ adágún mẹ́ta sórí ilẹ̀ kan tí mo ní lọ́nà Òjòó, mo sì ń sin ẹja níbẹ̀, àrọ̀ nínú méjì, ẹpìyà nínú ẹ̀kẹta. Díákónì ni mí ní ìjọ Onítẹ̀bọmi wa. Èmi ni wọ́n máa ń pè bí tọkọtaya bá ń jà, pé kí n wá bá wọn dá a, nítorí wọ́n gbà pé n kì í purọ́.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ẹyẹ kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá sórí adágún ẹpìyà mi. Kì í ṣe lékeléke, kì í sì í ṣe àwòdì tí gbogbo wa mọ̀. Ẹyẹ ńlá ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, àyà rẹ̀ funfun, ìlà dúdú kan sì gba ojú rẹ̀ kọjá bí ẹni tó lé tìróò. A máa dúró gbọnrangandan lófuurufú, a máa lu ìyẹ́ lójú kan náà, lẹ́yìn náà a ju ara rẹ̀ sómi gbàmù, ẹsẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ti bọ̀ ọ́, á sì gbé ẹpìyà mi lọ. Idì ẹja ni. Nígbà tí inú bí mi tó, mo na àwọ̀n sórí adágún náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ó kó sí i.

Ìyàwó mi, ìyá Tóyìn, ló kọ́kọ́ rí i. Ó kígbe pè mí.

"Bàbá Tóyìn, ẹ wá o! Ẹyẹ yín ti há sáwọ̀n. Ẹ bá a gé e, kó máa bá tirẹ̀ lọ."

Igi gbọọrọ tí mo fi ń ro ìsàlẹ̀ omi ló wà lọ́wọ́ mi. Ẹyẹ náà gbójú sókè, ó wò mí. Ojú rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí inú ẹyin. Kò ké. Mo nà án ní igi. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni mo nà án.

Ìgbà tí ó kú tán ni mo tó rí òrùka búlúù lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àti ohun kan tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ tí wọ́n dè mọ́ ọn lẹ́yìn. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé ohun ìjọba ni. Mo pe Tóyìn, ọmọ wa obìnrin tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì ní yunifásítì, ó sì wá ní ọjọ́ Sátidé. Ó ka nọ́ńbà ara òrùka náà, ó wá a lórí fóònù rẹ̀, ó sì pariwo.

"Dádì, àwọn kan ń wá ẹyẹ yìí lókè òkun o! Ẹ̀rọ tó ń júwe ibi tó wà nìyẹn. Báwo ló ṣe kú?"

Kò sí ẹni tó tì mí. Mo kàn la ẹnu ni, ọ̀rọ̀ náà sì jáde.

"Inú àwọ̀n la bá a. Mo gé àwọ̀n náà kúrò lára rẹ̀, mo fún un lómi. Ọwọ́ mi ló kú sí."

Ìyá Tóyìn ń rẹ́ ilá nítòsí wa. Ọ̀bẹ rẹ̀ dúró. Kò wò mí. Ó tún ń rẹ́ ilá rẹ̀ lọ.

Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an ni Tóyìn ṣe kọ ọ́ ránṣẹ́. Èsì dé ní ọjọ́ kejì, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì bẹ̀ wá kí a fi ẹ̀rọ náà ránṣẹ́. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni ìwé ìpè dé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tú àwọn ọmọ ẹyẹ tuntun sílẹ̀, inú àwọn yóò sì dùn bí bàbá tí ó dúró ti ẹyẹ àwọn títí ó fi kú bá lè wà níbẹ̀.

Mo lè kọ̀. Mo lè sọ pé ara mi kò yá. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni mí, n kò wọ bàálù rí, mo sì fẹ́ fi ojú mi rí ìlú òyìnbó kí n tó kú. Ìjọ gbàdúrà lé mi lórí. Àwọn èèyàn mi sìn mí dé Òjòó, wọ́n ń ju ọwọ́. Ìyá Tóyìn di gààrí àti ata gígún sínú àpò mi. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni, "Ọlọ́run á máa bá yín lọ. Ẹ̀yin náà, ẹ máa bá Ọlọ́run lọ."

Abúlé etí omi

Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù, obìnrin àgbàlagbà kan ló dúró dè mí, ó gbé páálí tí wọ́n kọ orúkọ mi sí sáyà. Margaret ni orúkọ wọn. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n tín-ín-rín, ìka ọwọ́ wọn sì ti wọ́ nítorí làkúrègbé. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, bí a ti ń ṣe. Wọ́n rò pé mo fẹ́ ṣubú ni, wọ́n sáré gbá mi lápá mú. Nígbà tí mo wá ṣàlàyé, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú.

"Ṣé ọwọ́ yìí náà ló kú sí?" ni wọ́n bi mí.

N kò kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìgbà tí ó yé mi, mo rọra gba ọwọ́ mi padà, mo ní mo fẹ́ gbé ẹrù.

Wọ́n ní kí n máa pe àwọn ní Margaret. Ẹ̀yin ará ilé, báwo ni n ó ṣe la ẹnu pe àgbà bẹ́ẹ̀ lórúkọ lásán? Mo ń pè wọ́n ní Mama, wọ́n sì fara mọ́ ọn. Nínú èdè tiwọn kò sí ẹ, kò sí o. Ọmọdé pẹ̀lú àgbà, ohun kan náà ni wọ́n ń pè é. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń ta tíì lójú pópó pè mí ní Joel bí ẹni pé iléèwé kan náà la jọ lọ.

Oúnjẹ wọn kò burú, ṣùgbọ́n kì í ta. Búrẹ́dì tútù tí wọ́n ki wàràkàṣì sí láàárín ni ti ọ̀sán. Ní alẹ́ wọ́n fún mi ní ẹja díndín pẹ̀lú ọ̀dùnkún, mo sì wá orí ẹja náà títí, n kò rí i. Mo bi Mama léèrè. Wọ́n ní wọ́n máa ń gé e dànù ni. Èmi tí mo ń sin ẹja! Mo bu ata ìyá Tóyìn lé e, Mama ní kí n jẹ́ kí àwọn náà tọ́ ọ wò, omi sì ń dà lójú wọn bí wọ́n ṣe ń sọ pé ó dára gan-an.

Èmi nìkan ni aláwọ̀ dúdú ní gbogbo abúlé náà. Kí n má purọ́ mìíràn fún yín, mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ìtàn, mo sì ti múra sílẹ̀ de ẹ̀gàn. Ohun tí mo bá níbẹ̀ yàtọ̀. Mo wọ ilé ìtajà, bàbá arúgbó kan ṣí fìlà fún mi, ó ní, "Ìwọ ni ọkùnrin ẹyẹ yẹn." Obìnrin kan tí mo bá lójú ọ̀nà pẹ̀lú ajá rẹ̀ dúró, ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Gbogbo wọn ló ti gbọ́. Ká ní wọ́n bú mi ni, n bá mọ ohun tí n ó fi fèsì. Ọpẹ́ ni n kò múra dè.

Àwọn tí ń bọ́ ẹyẹ láìfara hàn

Colin ni orúkọ ẹni tó ń darí iṣẹ́ àwọn ẹyẹ náà, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí kò ju ẹni ogójì ọdún lọ. Òun ló mú mi lọ síbi omi ńlá kan tí igi yí ká. Wọ́n kọ́ ilé pákó gíga kan sétí omi náà, wọ́n sì ṣe àhámọ́ onírin wẹ́wẹ́ sókè rẹ̀. Inú ibẹ̀ ni àwọn ọmọ idì ẹja wà, tí wọ́n ń wo omi látàárọ̀ dalẹ́.

Ó ní láyé àtijọ́ àwọn ẹyẹ yìí pọ̀ ní agbègbè náà. Àwọn èèyàn ń yìnbọn fún wọn nítorí ẹja, wọ́n ń jí ẹyin wọn kó, títí kò fi ku ẹyọ kan. Kò sí ẹni tó wà láàyè ní abúlé náà tó mọ ìgbà tí ẹyẹ náà ṣì ń pamọ níbẹ̀.

"Àwọn baba ńlá wa ló pa wọ́n tán," ni Colin wí. "Ìdí rẹ̀ náà ni pé àwọn ẹyẹ ń jẹ ẹja wọn."

Mo wo omi. N kò lè wo ojú rẹ̀.

Ìlú tó jìn ní apá òkè ni wọ́n ti ń lọ mú àwọn ọmọ ẹyẹ wá, nítorí wọ́n ṣì kù níbẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí àwọn ẹyẹ náà rí èèyàn, kí wọ́n má baà mọ́ èèyàn lójú jù. Nítorí náà, ẹ̀yìn pákó ni àwọn tó ń bọ́ wọn máa ń wà, wọn kì í sọ̀rọ̀, wọ́n á gé ẹja wẹ́wẹ́, wọ́n á sì tì í gba ihò kékeré kan wọlé. Bí ìyẹ́ àwọn ọmọ náà bá gbó tán, wọ́n á ṣí àhámọ́. Bí òtútù bá wá ń bọ̀, ẹyẹ kọ̀ọ̀kan á dá gbéra, á máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Kò sí ìyá tó ń ṣamọ̀nà, kò sí ẹni tó ti kọ́ ọ lọ́nà. Á gba orí òkun, á gba aṣálẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ni kì í padà. Èyí tó bá sì yè, ó di ọdún kejì tàbí ìkẹta kó tó mọ̀ pé kí òun padà sílé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Mama Margaret mú mi lọ síwájú fọ́tò kan tí wọ́n gbé kọ́ ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ọkọ wọn tó ti kú. Ẹyẹ náà ni. Mo mọ ìlà ojú rẹ̀.

"Dorothy," ni wọ́n wí. "Mo fi orúkọ ìyá mi sọ ọ́."

Nílé wa, bí èèyàn bá fi orúkọ ìyá rẹ̀ sọ ẹyẹ, ìjà ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe pe orúkọ náà, kò sí ohun tó ṣeé rín nínú rẹ̀. Ọwọ́ wọn ló bọ́ Dorothy láti ẹ̀yìn pákó. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀, òun ló kọ́kọ́ padà, òun ló kọ́kọ́ yé, tó pa ọmọ. Ọdún mélòó kan ló fi ń lọ, tó fi ń bọ̀. Lọ́dún yìí, akọ rẹ̀ ti dé ṣáájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìtẹ́ wọn ṣe. Wọ́n ti mọ̀ pé Dorothy kò ní dé mọ́, nítorí ìwé Tóyìn ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún akọ náà? Mama ní ó ń gbé igi wá lójoojúmọ́. Ó ń mú ẹja wá, á gbé e dúró létí ìtẹ́, kò ní jẹ ẹ́. Gbogbo ìgbà tí igi ń rúwé ló fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Wọ́n yíjú sí mi. "Joel, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ó jẹ̀rora?"

Ẹ wò ó, ibẹ̀ ni ó yẹ kí n ti sọ ọ́. Àwa méjì péré ni, ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Mo ní, "Rárá, Mama. Bí ẹni tó sùn lọ ni."

Wọ́n gbé orí lé èjìká mi, wọ́n sunkún. Mo dúró gbagidi bí òpó.

Okùn

Ní òwúrọ̀ tí wọ́n fẹ́ tú àwọn ẹyẹ náà sílẹ̀, bí ogún èèyàn ló péjọ sẹ́yìn pákó. Kò sẹ́ni tó gbóhùn sókè. Okùn kan wà tí wọ́n so mọ́ ilẹ̀kùn àhámọ́, bí wọ́n bá ti fà á, ilẹ̀kùn á ṣí. Colin gbé ìdí okùn náà lé mi lọ́wọ́.

"A ti fẹnu kò," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ìwọ ló yẹ kó fà á."

Mo di okùn náà mú. Gbogbo wọn ń wò mí pẹ̀lú ìfẹ́. Mama Margaret ti yọ àwò ojú wọn, wọ́n ń nù ún. N kò mọ̀ pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ohùn mi ni mo gbọ́.

"N kò lè fà á. Èmi ni mo pa á."

Colin rò pé mo ń ṣọ̀fọ̀ ni. Ó ní, "Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Ohun tó o lè ṣe lo ṣe."

"Rárá," ni mo wí. "Àwọ̀n tí mo na fún un ló kó sí. Ó ṣì wà láàyè, kò sì sí ibi tó ṣẹ́ lára rẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n tú u sílẹ̀. Mo nà án nígi títí ó fi kú, nítorí ẹpìyà. Irọ́ ni gbogbo èyí tí ọmọ mi kọ, ọmọ mi kò sì mọ̀ pé irọ́ ni."

Mo tún yíjú sí Mama. "Kò sùn lọ, Mama. Ẹ má bínú."

Mo ti rí ìbínú rí láyé mi. Mo mọ bí a ti ń ṣe é nílé wa, ẹni tí inú bí á pariwo, á sì ráyè mí. Àwọn wọ̀nyí kò pariwo. Obìnrin tó ní ajá yí ẹ̀yìn sí mi. Colin gba okùn náà lọ́wọ́ mi, kò fi ipá gbà á, ó sì fà á fúnra rẹ̀, nítorí àwọn ẹyẹ kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan jáde sẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró, ó ń na ìyẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ gbé e díẹ̀, ó tún bà padà. Lẹ́yìn náà ó lọ. Ó gba orí omi lọ, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó sì dúró sórí igi gbígbẹ kan lódìkejì. Ohun tí gbogbo wọn ti ń dúró dè láti oṣù mélòó kan nìyẹn. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Mo ti ba ayọ̀ ọjọ́ náà jẹ́ fún wọn.

Nígbà tí mo wá ojú Mama Margaret, wọ́n ti lọ.

Ẹja gígé

Mo fẹsẹ̀ rìn padà sílé wọn. Oúnjẹ wà lórí tábìlì, wọ́n fi àwo dé e. Ilẹ̀kùn yàrá wọn wà ní títì. Colin wá lọ́sàn-án, ó dúró ní ìta.

"Bó o bá fẹ́, a lè wá ibòmíràn fún ọ tí wàá sùn sí," ó wí.

"Bí Mama bá lé mi, n ó lọ."

"Kò sọ pé kí n lé ọ." Ó mí kanlẹ̀. "Kò sọ nǹkan kan ni."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti di ẹrù mi nígbà tí Mama kan ilẹ̀kùn. Ojú wọn wú. Wọ́n gbé ọ̀bẹ kan dání.

"Àwọn ọmọ ẹyẹ ṣì ń padà wá jẹun lórí pákó títí wọ́n á fi mọ ẹja pa fúnra wọn," ni wọ́n wí. "Ẹja ti dé. Ọwọ́ ń ro mí. Ìwọ, o mọ ẹja."

Mo gba ọ̀bẹ náà. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí n padà sílé, àárọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo sì fi gé ẹja. Mo ń gé, wọ́n ń kó o sínú garawa, a ń gbé e gun àtẹ̀gùn. A kì í sọ̀rọ̀ lẹ́yìn pákó nítorí àwọn ẹyẹ, a kì í sì í sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà nítorí èmi. Mo ń gbọ́ èékánná àwọn ẹyẹ náà lórí pákó bí wọ́n ṣe ń bà. Nígbà kan mo yọjú gba ihò náà, mo rí ojú ọ̀kan. Ojú ọmọ ẹyẹ kò tíì pupa rúsúrúsú bí ti àgbà, ó ṣì pọ́n bí epo. Mo sún sẹ́yìn.

Ní òwúrọ̀ tó kẹ́yìn, Mama jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń wo omi.

"N kò tíì dárí jì ọ́," ni wọ́n wí. "Mo ń gbìyànjú rẹ̀. N kò ní purọ́ pé mo ti ṣe é."

"Ẹ ṣeun, Mama."

"Ìgbà òtútù rẹ̀, n kò rí i rí. Ọdọọdún ló ń lọ, ibi tó ń lọ, orí àwòrán ilẹ̀ nìkan ni mo ti ń rí i. Báwo ló ṣe rí lórí omi tìrẹ?"

Mo ronú kí n tó dáhùn, kí irọ́ má baà tún sá jáde. Mo sọ fún wọn pé ìgbà tí oòrùn bá ń la ọyẹ́ kọjá ló máa ń dé. Mo ní bó bá dúró lófuurufú, ọmọ iléèwé tó ń kọjá lọ́nà Òjòó máa ń dúró wò ó. Mo ní èmi náà, kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta wà tí mo gbé oúnjẹ ẹja dání tí mo gbàgbé láti dà á, nítorí mo ń wò ó. Mo ní ó lẹ́wà.

Wọ́n pa ojú dé. "Òótọ́ nìyẹn?"

"Òótọ́ ni."

Wọ́n mi orí. Wọn kò sunkún sí èjìká mi mọ́. Bí mo ṣe ń lọ, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, ọwọ́ kan ṣoṣo.

Ilé

Ìyá Tóyìn kò bi mí ní ìbéèrè títí mo fi jẹun tán. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ sọ fún wọn?"

"Mo sọ."

"Ó ku Tóyìn nìyẹn."

Mo kọ́kọ́ lọ bá pásítọ̀ wa, nítorí wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí oore Ọlọ́run ní ọjọ́ Ìsinmi. Mo sọ fún wọn pé n kò lè jẹ́rìí, mo sì sọ ìdí rẹ̀, mo ní kí wọ́n gba oyè díákónì lọ́wọ́ mi ná. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Díákónì, nítorí ẹyẹ? Ẹyẹ tó ń jẹ ẹja yín?" Ẹ̀rín náà dùn mí ju ìdákẹ́jẹ́ àwọn òyìnbó lọ, nítorí mo mọ̀ pé bí èmi náà ṣe máa rín in nìyẹn, ká ní ẹlòmíràn ló ṣe é.

Tóyìn wá ní ọjọ́ Sátidé. Ó ti di irun tuntun, ó fẹ́ gbọ́ ìròyìn, ó fẹ́ rí fọ́tò. Mo ní kó jókòó. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, ó ń gbé fóònù rẹ̀ kúrò lórí itan, ó gbé e sórí tábìlì, ó tún mú un.

"Orúkọ mi ni mo fi sí ìwé yẹn, Dádì," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ mi sí i."

"Mo mọ̀."

"Mọ́mì náà mọ̀?"

Ìyá rẹ̀ wo ilẹ̀. Tóyìn dìde, ó kúnlẹ̀ kí wa bó ṣe yẹ, ó sì padà sí yunifásítì láìjẹun. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí mo bá pè é, kò ní gbé e. Ilé kan náà ni èmi àti ìyá rẹ̀ ń gbé, a kàn ń kí ara wa káàárọ̀ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ó wọlé, ó kí wa, ó jẹun. Ó ní òun ti kọ̀wé sí Mama Margaret, òun sì ti tọrọ àforíjì fún ipa tòun. Ó ní wọ́n ti fèsì, ṣùgbọ́n kò kà á fún mi, n kò sì béèrè. Ó wá gbé ìwé àjákọ kan sí iwájú mi pẹ̀lú bírò.

"Èmi ò ní bá yín kọ nǹkan kan mọ́," ó wí. "Ìbàdàn kún fún àwọn tó ń sin ẹja. Irú ẹyẹ yẹn sì tún ń bọ̀ nígbà ọyẹ́. Ẹ kọ ọ́ fún wọn fúnra yín. Ẹ má sì fi orúkọ ẹnikẹ́ni sí i lẹ́yìn tiyín."

Ohun tí ẹ ń kà yìí nìyẹn. Èmi, Joel Oyèwándé Àkàngbé, ni mo pa á.